Omi Òrùlé: Àmúwá Ọlọ́run àbí Àfọwọ́fà?

Bí òjò bá rọ̀, tí omi òrùlé ilé kan sì wó ògiri aládùúgbò, ta ni ká dá lẹ́bi? Ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, èsì tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé àmúwá Ọlọ́run ni, nítorí kò sẹ́ni tó pe òjò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó bá òjò wá ni àmúwá. Òmíràn jẹ́ àfọwọ́fà. Ibi tí ààlà àwọn méjèèjì wà ni ìbéèrè tí gọ́tà òrùlé ń bi onílé, ì báà jẹ́ onísẹ̀ṣe, Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì.

Òjò àgbègbè yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta tàbí oṣù Kẹrin, ó máa ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, ó sì ń kásẹ̀ nílẹ̀ nínú oṣù Kẹwàá. Àpapọ̀ rẹ̀ lọ́dún tó nǹkan bí 1,200 mílímítà. Mílímítà òjò kan lórí ohun tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní mítà kan, jẹ́ lítà omi kan. Òrùlé tó gùn ní mítà 10, tó sì fẹ̀ ní mítà 10, yóò gba nǹkan bí 120,000 lítà lọ́dún. Òjò alẹ́ kan ṣoṣo tó tó 50 mílímítà yóò da 5,000 lítà sílẹ̀ láti orí rẹ̀. Ká ní kò sí ilé níbẹ̀ ni, ilẹ̀ ìbá mu lára omi yẹn. Páànù kì í mu omi. Ńṣe ló ń gbá a jọ sí etí òrùlé, tí yóò sì rọ́ ọ sójú kan.

Àwọn àgbà ní òjò ò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni eji rí leji ń pa. Ìhìn Rere Mátíù náà sọ pé Ọlọ́run ń rọ òjò fún olódodo àti aláìṣòdodo. Òótọ́ ni èyí nígbà tí òjò ṣì wà lójú sánmà. Òjò kì í yan ẹni tí yóò pa, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́lé ló yan ibi tí òrùlé rẹ̀ dojú kọ. Láti orí òrùlé ni ọwọ́ ènìyàn ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Nínú agbo ilé àtijọ́, ìbéèrè yìí kì í sábà le. Òrùlé yí àgbàlá ká, púpọ̀ nínú omi rẹ̀ sì ń dà sínú agbo ilé fúnra rẹ̀. Wọ́n á gbé orù àti ìkòkò sí ìdí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀; èyí tí wọn kò gbè á gba ojúhò abẹ́ ògiri jáde. Koríko ni wọ́n fi ń bo ilé nígbà náà, ọdún Bẹẹrẹ tí wọ́n ń ṣe fún Aláàfin sì gba orúkọ lára koríko tí wọ́n ń kó wá bo ààfin. Ẹni tí òrùlé rẹ̀ da omi ni omi ń dà lé, baálé kan ló sì ń pàṣẹ bí yóò ṣe jáde. Nígbà tí páànù gbòde, tí oníkálukú sì ń kọ́lé sórí ilẹ̀ tirẹ̀, omi ilé kan di àlejò tipátipá nílé kejì.

Ọ̀yọ́ ni ìlú Ṣàngó, àwọn olùsìn rẹ̀ sì gbà pé àrá a máa mú olè àti òpùrọ́. Àrá ń dájọ́ nìyẹn. Àgbàrá kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ ló ń bá, kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀. Nítorí náà, a kò lè wo ògiri tó wó ká ní onítọ̀hún ló jẹ̀bi. Òwe tó bá a mu jù ni pé àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Òwe náà kò sẹ́ agbára òjò. Iṣẹ́ ló gbé lé onílé lọ́wọ́.

Àwọn Mùsùlùmí ìlú méjèèjì ń tẹ̀ lé ìlànà Imam Mālik, ẹni tó kú ní 795. Nínú ìwé rẹ̀, Muwatta, ni òfin wà pé kò gbọdọ̀ sí ìnilára, kò sì gbọdọ̀ sí fífi ìnilára san ìnilára. Hadith mìíràn ka mímú ohun ìpalára kúrò lójú ọ̀nà mọ́ ẹ̀ka ìgbàgbọ́. Ìtàn kan wà pẹ̀lú nípa ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ilé al-Abbas, àbúrò bàbá Ànábì, èyí tó da omi ẹlẹ́jẹ̀ lé kálífà Umar lórí bó ṣe ń lọ kí Jímọ̀. Umar ní kí wọ́n yọ ọ́. Nígbà tó gbọ́ pé Ànábì fúnra rẹ̀ ló fi í síbẹ̀, ó ní kí al-Abbas gun ẹ̀yìn òun, kó dá a padà. Ẹ̀kọ́ méjì ló jáde níbẹ̀: omi òrùlé lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ibi gbà, ẹni tó ń kọjá nísàlẹ̀ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í léèrè.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi dé ní 1855, Bíbélì ń sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Diutarónómì 22:8 pàṣẹ pé kí ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá jábọ́ má bàa wà lọ́rùn ilé náà. Ẹ́kísódù 21:33-34 ní kí ẹni tó gbẹ́ kòtò tí kò bò ó san owó ẹran tó kó sínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ti ẹran náà. Àìbo kòtò nìkan ti tó ẹ̀bi.

Òfin ilé ẹjọ́ Nàìjíríà, tó jogún ti Gẹ̀ẹ́sì, mú ọ̀rọ̀ náà dé ojú ààlà rẹ̀. Láti ẹjọ́ Rylands àti Fletcher ní 1868 ni ìlànà ti wá pé ẹni tó kó ohun tó lè ṣe ìjàǹbá jọ sórí ilẹ̀ rẹ̀ ni yóò dáhùn bó bá sá jáde. Òfin kan náà gba àwáwí àmúwá Ọlọ́run, àmọ́ fún ohun tí ojú ènìyàn kò lè rí ṣáájú nìkan. Ní 1876, ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì dá obìnrin kan láre nítorí pé òjò tó ya àwọn adágún rẹ̀ kọjá èyí tí ẹnikẹ́ni lè retí. Òjò tó ń padà wá lọ́dọọdún kò sí lára irú èyí.

Iṣẹ́ tó já lé onílé léjìká kò ju agbára lọ. Nígbà ọyẹ́ ni ewé àti eruku ń kún inú gọ́tà òrùlé, nítorí náà kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé ló yẹ kí wọ́n kó o. Ìsinmi oṣù Kẹjọ dára fún ẹ̀ẹ̀kejì. Gọ́tà gbọ́dọ̀ dagun díẹ̀ sí ibi tí páìpù wà, kí páìpù náà sì da omi sínú àgbá tàbí sí ojú àgbàrá, kì í ṣe sí ìdí ògiri ẹlòmíràn. Gọ́tà tó dí a máa da omi padà sára pákó àti ògiri amọ̀, omi tó dúró sínú rẹ̀ a sì máa bí ẹ̀fọn láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Ìṣòro tó kù ni ti omi ọ̀pọ̀ ilé tó pàdé. Nígbà tí odò Ògùnpa ya ní Ìbàdàn ní 31 oṣù Kẹjọ 1980, àti nígbà tí àgbàrá pa ènìyàn tó lé ní 100 ní ìlú kan náà ní 26 oṣù Kẹjọ 2011, kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí omi òrùlé ẹnì kan. Ohun tí gbogbo ènìyàn dá kì í sábà ní olúwa. Ìdí nìyí tí ìmọ́tótó àyíká, èyí tí ìjọba Buhari àti Ìdíàgbọn fi lélẹ̀ ní 1985, fi jẹ́ iṣẹ́ àjọṣe: ẹni tó kó gọ́tà tirẹ̀, tó wá da pàǹtírí rẹ̀ sí ti àdúgbò, kò tíì ṣe ojúṣe rẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta ló ń ya àmúwá sọ́tọ̀ kúrò lára àfọwọ́fà. Ǹjẹ́ wọ́n lè retí òjò náà? Ǹjẹ́ ọwọ́ onílé tó ohun tí ìbá dí ìjàǹbá náà lọ́nà? Ǹjẹ́ ó bá àwọn tí omi rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wọn sọ ọ́? Bí èsì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni sí méjì àkọ́kọ́, ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ rárá sí ẹ̀kẹta, ẹ̀bi náà di méjì. Èyí tó bá kù lẹ́yìn ìyẹn ni a lè pè ní àmúwá Ọlọ́run.