Bí Ọmọ Bá Ní Kò Sí Nǹkan

Benjamin Robinson, tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń pè ní Ben, jẹ́ ọmọ ọdún 14 ní ìlú Carrickfergus ní Northern Ireland. Lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2011, ó bá ikọ̀ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wọ pápá láti gbá rugby pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Ìyá rẹ̀ wà létí pápá, ó ń wòran. Láàárín eré náà, Ben fara gbá líle. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ lórí pápá, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló dìde tó sì ń bá eré lọ. Ó sọ fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ikọ̀ rẹ̀ pé òun ò rántí iye máàkì tí wọ́n ti jẹ. Nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, ó ṣubú lulẹ̀, kò sì dìde mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó kú sílé ìwòsàn ní Belfast.

Àwọn òbí rẹ̀ ò gbà pé ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Ó lé lọ́dún méjì kí wọ́n tó gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, ẹni tí ìjọba yàn láti wádìí ikú náà sọ pé kì í ṣe ìgbá kan ṣoṣo ló pa Ben. Èkejì tó dé nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ ò tíì bọ́ lọ́wọ́ èkíní ló pa á.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí yìí, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà. Inú omi díẹ̀ ni ọpọlọ wà nínú agbárí. Bí ara bá ń sáré bọ̀ tí nǹkan sì dá a dúró lójijì, ọpọlọ ò ní tètè dúró. Bí èrò inú danfo ṣe máa ń ya síwájú nígbà tí awakọ̀ bá tẹ búréèkì mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ya lu agbárí. Kò dìgbà tí nǹkan bá bà á lórí tààrà. Bí wọ́n bá gbá a láyà tàbí léjìká, tí ọrùn sì fì, ó tó. Ẹ̀jẹ̀ kì í jáde, orí kì í wú dandan, àwòrán tí wọ́n ń yà nílé ìwòsàn sì lè má fi nǹkan kan hàn. Nínú ẹni mẹ́wàá tí èyí ṣẹlẹ̀ sí, kò ní ju ẹnìkan lọ tó máa dákú. Àwọn yòókù á dìde, wọ́n á sì máa rìn kiri. Ọpọlọ tó ti mì báyìí nílò ọjọ́ púpọ̀ kó tó padà sípò. Bí ìgbá mìíràn bá tún dé bá a kí ó tó san, bó tilẹ̀ kéré, ẹ̀jẹ̀ lè ya wọ inú rẹ̀ láìsí ìjánu, á sì máa wú nígbà tí agbárí ò láàyè tó lè fún un. Kì í wọ́pọ̀. Àwọn ọmọdé àti àwọn ọ̀dọ́ ló sì ń mú jù.

Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ìtàn Ben á kọ́kọ́ fẹ́ wá ẹni tó máa dá lẹ́bi. Ohun tó jáde nínú ìwádìí yẹn ni pé akọ́nimọ̀ọ́gbá ò mọ̀ pé orí ń dààmú ọmọ náà, rẹfirí náà ò sì mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Ọmọ ikọ̀ tó gbọ́ pé ẹlẹgbẹ́ òun ti gbàgbé máàkì, ọmọdé lòun náà. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ṣe pàtàkì ju máàkì fúnra rẹ̀ lọ?

Ọdún méjì lẹ́yìn ikú Ben, ní Ottawa ní orílẹ̀-èdè Kánádà, Rowan Stringer, ọmọbìnrin ọdún 17 tó jẹ́ balógun ikọ̀ rugby ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, fara gbá lórí pápá ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 2013. Ọjọ́ 6, ó tún fara gbá. Ọmọ yìí ò gọ̀ o. Ó fura. Ó wọ Google, ó wá àmì tí ọpọlọ tó mì máa ń fi hàn, ó sì tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ó jọ pé ohun tó ń ṣe òun nìyẹn, ṣùgbọ́n òun máa gbá bọ́ọ̀lù náà ṣá. Bàbá rẹ̀ ò gbọ́, ìyá rẹ̀ ò gbọ́. Ọjọ́ 8, wọ́n dì mọ́ ọn lágbo eré, wọ́n fi í, ó sì fi orí àti ọrùn balẹ̀. Ọjọ́ 12 oṣù yẹn ló kú. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ tí Kánádà ń ṣàjọyọ̀ àwọn ìyá.

Ìtàn kejì yìí ló dùn mí jù, torí kì í ṣe àìmọ̀. Ọmọ náà mọ̀. Ohun tó dì í lọ́wọ́ ni ohun tó ń di gbogbo ọmọ tó láyà lọ́wọ́: kò fẹ́ já ikọ̀ rẹ̀ kulẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, orí tí a ń ní kó sọ fún wa bóyá òun yá, orí yẹn náà ló ń ṣàìsàn. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mì kò yẹ lẹ́ni tó máa ṣèdájọ́ ara rẹ̀, yálà ọmọdé ni tàbí àgbàlagbà.

Bẹ́ ẹ bá ń rò pé eré àwọn òyìnbó ni, kò kàn wá, ẹ rántí Adedayo Adebayo, ọmọ tí wọ́n bí n'Ìbàdàn, tó gbá rugby fún ẹgbẹ́ Bath, tó sì wọ ẹ̀wù England ní ọdún 1996. Lónìí, ọmọ Yorùbá tó ń gbá a káàkiri Ìlú Ọba ò ṣe é kà. Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú làwọn ẹgbẹ́ àdúgbò máa ń ko ara wọn lójú lọ́pọ̀ ibi ní England, ìjàkadì tí ìyẹn ń dá sílẹ̀ láàárín pápá àti ṣọ́ọ̀ṣì sì yé àwọn ìyá tó wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké kọ́kọ́ máa ń já ribọ́ọ̀nù ìdí ara wọn ni, kò sí ìkọlù. Ìgbà tí wọ́n bá wọ ẹgbẹ́ àwọn tí ò tíì pé ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dì mọ́ ẹni tó ń sá bọ̀ kí wọ́n mú un balẹ̀.

Ẹ wò wá létí pápá. Òjò ń pa kíní-kíní, a di ife tíì mú, ọmọ wa ṣubú. "Dìde ńbẹ̀ jàre! Ọkùnrin ni ẹ́!" Ó dìde, ó di orí mú, ó ń wò bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun, ó sì gba ọ̀nà ìlà tí kì í ṣe tiwọn lọ. A pàtẹ́wọ́ fún un. Nínú mọ́tò, a béèrè bóyá nǹkan kan ń ṣe é. "Kò sí nǹkan, Mummy." A délé, a fún un ní paracetamol kan, ó jẹ ìrẹsì, ó sùn títí di ìrọ̀lẹ́. A ní ó rẹ̀ ẹ́ ni. Lọ́jọ́rú, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní eré tiwọn, akọ́nimọ̀ọ́gbá ibẹ̀ ò sì mọ ẹgbẹ́ àdúgbò, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Èmi ò rí ibi tó léwu ju àlàfo àárín ọjọ́ Àìkú àti Ọjọ́rú yìí lọ.

Fìlà onífóòmù tí àwọn kan ń rà fọ́mọ ò lè dí àlàfo náà. Ó ń gba etí àti awọ orí lọ́wọ́ ọgbẹ́. Ọpọlọ nínú agbárí ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni dé fìlà. Rọ́bà tí wọ́n ń fi sẹ́nu, eyín ló wà fún.

Bàbá Ben àti bàbá Rowan, ẹni kìíní tó ń gbé ní Scotland, ẹni kejì ní Kánádà, ò dákẹ́. Ní ọdún 2015, Scotland gbé ìlànà kan ṣoṣo jáde fún gbogbo eré ìdárayá: bí ẹ bá ti fura, ẹ yọ ọmọ náà kúrò lórí pápá. Ní Ontario, ìpínlẹ̀ tí Ottawa wà, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ ikú Rowan dá àbá 49. Ní 2018, ilé aṣòfin ibẹ̀ ṣe òfin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Òfin náà ní kí àwọn eléré tí ọjọ́ orí wọn ò tó 26, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá, àti òbí àwọn tí ò tíì pé 18 máa ka ìtọ́sọ́nà lórí ọpọlọ tó mì lọ́dọọdún. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ìjọba Ìlú Ọba náà gbé ìlànà tirẹ̀ jáde fún àwọn eléré tí kì í ṣe iṣẹ́ wọn. Ọmọ tí a bá fura sí gbọ́dọ̀ jáde lójú ẹsẹ̀, kò sì gbọdọ̀ padà sínú eré lọ́jọ́ yẹn. Kí wọ́n pe 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera, kí wákàtí 24 tó pé. Kí ó sinmi fún wákàtí 24 sí 48, kí ó sì dín lílo fóònù àti kọ̀ǹpútà kù. Kò sí ìdíje kankan fún un kí ọjọ́ 21 tó pé. Bó bá ń bì léraléra, tó ń ṣe wárápá, tí orí fífọ́ náà ń le sí i, tàbí tí kò ṣe é jí lójú oorun, 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, ni kí ẹ pè; ẹ má dúró de dókítà àdúgbò.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ní eré lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá kí eré tó bẹ̀rẹ̀ pé ta ló láṣẹ láti yọ ọmọ kúrò lórí pápá. Bí ọmọ bá sì fara gbá lọ́jọ́ Àìkú, ẹ tẹ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ láago kí ilẹ̀ Ọjọ́ Ajé tó ṣú.