Fátúnmbí: Ta Ni Ifá Tún Bí?

Ifá tún mi bí: ohun tí orúkọ Fátúnmbí ń wí nìyẹn. Ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà jẹ́ ẹ ju ẹyọ kan lọ. Ilé là ń wò, ká tó sọmọ lórúkọ. Bí babaláwo bá kú, tí ọmọkùnrin wáyé lẹ́yìn rẹ̀, ilé lè sọ pé Ifá ló dá baba padà. Bí àìsàn bá fẹ́ẹ́ gbé ọmọ lọ, tí ẹbọ gbà á là, òun náà lè jẹ́ Fátúnmbí. Ẹlòmíràn sì wà tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ nífá, tó ti Igbódù, igbó ìtẹ̀fá, jáde, ló gba orúkọ náà.

Ọ̀nà ìkẹta yìí ni orúkọ náà gbà dé ọ̀dọ̀ Pierre Verger, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n bí ní Paris lọ́dún 1902. Salvador ní Bahia, ní Bùràsílì, ló fi ṣe ilé láti 1946. Lọ́dún 1953, ní Kétu, tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, wọ́n tẹ̀ ẹ́ nífá, ó di Fátúnmbí. Ṣé ó tọ́ kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀?

Ìwòrì Méjì, ọ̀kan nínú odù Ifá, ní èsì. Odù náà ní ẹni tí wọ́n bá tẹ̀ nífá, kó tún iyè ara rẹ̀ tẹ̀. Ó wá kìlọ̀ fún awo: kó má fi igbà tó ti já gun ọ̀pẹ, kó má kó sódò láìmọ̀wẹ̀, kó má fi ìbínú fa ọ̀bẹ yọ.

Àwọn àgbà awo ló ń tẹni nífá. Ẹnikẹ́ni kò lè báni tún iyè ẹni tẹ̀. Igbà ni ẹ̀mí ẹni tó ń gọ̀pẹ. Bí ìwà bá já lára orúkọ, ibi gíga tí orúkọ náà gbé ọ dé ni wàá ti já bọ́.

Verger fúnra rẹ̀ sọ nígbà tó darúgbó pé èrò Faransé tí wọ́n fi tọ́ òun kò jẹ́ kí òun lè gba ohun ìjìnlẹ̀ gbọ́ pátápátá. Síbẹ̀, ó fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó ti àwọn babaláwo, ó kọ ewé, oògùn àti ọfọ̀ wọn sílẹ̀ pẹ̀lú odù wọn, títí ìwé rẹ̀ lórí ewé fi jáde lọ́dún 1995, nígbà tí ikú rẹ̀ ku ọdún kan. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò kó sódò láìmọ̀wẹ̀.

Ọmọ bíbí ilé tó ń jẹ́ Fátúnmbí ni ẹsẹ yìí ń bá wí jù. Ó rọrùn kéèyàn jogún orúkọ, kó má mọ odù kan ṣoṣo, kí ọ̀bẹ ìbínú má kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwòrì Méjì kò béèrè ìlú baba ẹnikẹ́ni. Iyè ẹni ló ń béèrè. Ẹni tó bá ń jẹ́ Fátúnmbí, kó jẹ́ kí ìwà rẹ̀ fi hàn pé Ifá tún un bí lóòótọ́.