Ǹjẹ́ Ẹja Ńlá Ni Ó Ni Odò?

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ènìyàn fi ń ṣe àwíjàre ní Ọjà Àlàbá. Bí ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin bá lé ìyá tí ń ta bátìrì lórí tábìlì kúrò níwájú rẹ̀, tàbí bí oníkọ̀ńténà bá mọ̀ọ́mọ̀ ta fáànù ní àdánù títí àwọn tí ń ta ẹyọ méjì mẹ́ta yóò fi kógbá wọlé, tí a bá bi í pé èé ti rí, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Màmá, ẹja ńlá ní í jẹ ẹja kékeré. Bí a ṣe dá ayé nìyẹn." Àwa náà a mí kanlẹ̀, a ó sì dákẹ́, bí ẹni pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó dá ẹjọ́ náà.

Ó dára. Odò ni wọ́n pè lẹ́rìí. Ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́rìí náà sọ̀rọ̀ tán. Odò ọ̀hún kò tilẹ̀ jìnnà sí Àlàbá. Ẹni tí ó bá ti dé etí omi ní Ọ̀jọ́ ti rí i bí ó ti ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Àgbádárìgì, ọ̀sà Ologe sì wà lẹ́bàá ibẹ̀.

Nínú omi wọ̀nyí, ẹpìyà ń họ ọbẹ̀dò tí ó lẹ̀ mọ́ igi àti ẹrẹ̀ jẹ. Àrọ̀ a máa jáde lóru, ohun tí ó bá bá ni yóò gbé mì. Akàn ń jẹ òkú ẹran àti ewé tí ó ti rà. Edé kéékèèké ń ṣa èérún, ẹja tí ó tóbi jù wọ́n lọ sì ń ṣa àwọn náà. Nígbà tí a ń kọ́ ọmọ, ìlà tààrà ni a máa ń fà sí ojú pátákó: koríko, tata, ọ̀pọ̀lọ́, ejò, àṣá. Ìlà náà bá ọgbọ́n ọmọdé mu, ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà bá wò ó dáadáa, àwọ̀n ni yóò rí. Ojú kan so mọ́ ojú mẹ́rin, bí a bá sì já ọ̀kan, ibi tí a kò fọwọ́ kàn pàápàá yóò dẹ̀.

Lóòótọ́ ni ẹja ńlá ń jẹ kékeré. A kò ní purọ́ láti gbe ara wa nídìí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Raymond Lindeman ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1942 ni àwọn onímọ̀ ti ń ṣírò pé, nínú ohun tí ẹ̀dá kan bá jẹ, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ó ń di ara tí ẹlòmíràn lè jẹ. Ìyókù ti bá ìrìn, ooru ara àti ìgbẹ́ lọ. Kí ẹja ńlá tó fi kìlógíráàmù kan kún ara, yóò ti gbé tó kìlógíráàmù mẹ́wàá mì. Ìdí nìyẹn tí ẹja ńlá fi máa ń ṣọ̀wọ́n nínú odò. Bí kékeré bá tán, òun ni ebi yóò kọ́kọ́ pa, nítorí kò lè họ ọbẹ̀dò jẹ.

Àwọn tí ń du oúnjẹ kan náà ńkọ́? Ọmọ Rọ́ṣíà kan, Gause, tẹ ìwé kan jáde ní 1934 lórí àwọn ẹ̀dá tíntìntín inú omi tí ojú lásán kò lè rí. Nígbà tí ó kó oríṣi méjì tí ń jẹun ní ọ̀nà kan náà sínú ìgò kan, ọ̀kan borí, èkejì sì run. Ibẹ̀ ni onísọ́ọ̀bù yóò ti pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n Gause kò dúró níbẹ̀. Ó mú oríṣi mìíràn, èyí tí ń jẹun ní ìsàlẹ̀ ìgò nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ ń jẹun lókè, àwọn méjèèjì sì jọ ń gbé láìsí pé ẹnikẹ́ni run. Kò yẹ kí èyí ya àwa Yorùbá lẹ́nu. Ẹ rántí ojú oró àti òṣíbàtà tí a fi ń gbàdúrà pé kí a lékè. Ojú oró ń léfòó, gbòǹgbò rẹ̀ ń mì nínú omi. Òṣíbàtà ta gbòǹgbò sínú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀, ó wá na ewé rẹ̀ sókè. Nínú àdúrà tí a fi ń wá ipò ọlá, àwọn méjì ni a dárúkọ, àwọn méjèèjì ni ó sì lékè!

Ní ọdún 1966, Robert Paine, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àpáta etíkun kan ní ìpínlẹ̀ Washington tí ó ti ń yọ ẹja ìràwọ̀ kúrò. Ẹja ìràwọ̀ yìí ni apẹran ibẹ̀, tí ń jẹ àwọn oníkarahun. Ẹnikẹ́ni ì bá rò pé ara yóò tu àwọn yòókù. Oríṣi ẹ̀dá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí apẹran lọ tán, ó ku mẹ́jọ, nítorí oníkarahun kan ṣoṣo ni ó bo gbogbo àpáta mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó ń pọ̀ jù ni apẹran náà ti ń dín kù, tí àwọn aláìlágbára fi ń rí ibi dúró.

Ní etí omi tiwa, ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀ lójú wa. Ní ọdún 1984 ni ewé olódòdó àlùkò tí wọ́n ń pè ní water hyacinth gba odò Àgbádárìgì wọlé láti ìhà Bẹ̀nẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Níhìn-ín kò sí kòkòrò tí ó mọ bí a ti ń jẹ ẹ́ dín kù, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó sì lè di ìlọ́po méjì. Ó bo ojú omi, ó di ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ apẹja, ìmọ́lẹ̀ kò lè wọlé mọ́, afẹ́fẹ́ dín kù fún ẹja tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Iyọ̀ nìkan ni ó ń pa á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí omi òkun bá ti wọnú ọ̀sà. Ní 1991 ni àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tú kòkòrò kékeré kan tí ó ti ilé ewé náà wá sínú omi Bẹ̀nẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò pé kò ní jẹ ohun ọ̀gbìn wa. Kòkòrò náà kò ju ìrẹsì kan lọ. Ewé náà kò parẹ́, ṣùgbọ́n ó dín kù gidigidi.

Arábìnrin kan gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu wa, ó sì bi wá pé, àwọn tábìlì kéékèèké tí ó dí ojú ọ̀nà Àlàbá tí oníbàárà kò fi rí ibi kọjá, ṣé kì í ṣe àwọn gan-an ni ewé náà? Ìbéèrè náà mú ọgbọ́n dání. Ewé kọ̀ọ̀kan kéré lóòótọ́. Nítorí náà, a kò lè sọ pé kékeré ni olódodo, ńlá ni ìkà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ẹni méjì máa ta fáànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí oníbàárà sì yan èyí tí ó wọ́n díẹ̀. Ibi tí a ti ń bínú ni ibi tí ẹnìkan ti ń dí ojú omi pa, tí kò sí ẹni tí ó lè sọ fún un pé ó tó.

Ẹja kò lè bi ara rẹ̀ pé ó tó tàbí kò tó. Onísọ́ọ̀bù lè bi ara rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ fi odò ṣe olùkọ́, kí ó ka àwọn tí òun ń jẹ lára wọn ní Àlàbá: atúnrédíòṣe tí ó mú kí oníbàárà padà wá, alábàárù, olóúnjẹ, àti ọmọkùnrin tí ń fi ọmọláńkẹ́ kó fáànù tí ó ti kú lọ fún àwọn tí ń yọ wáyà inú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí akàn ti ń ṣe nínú ẹrẹ̀.

Àwa náà ńkọ́? Ẹja kékeré ni wá lójú oníkọ̀ńténà. Lójú ọmọbìnrin tí ń kiri omi tútù, tí a ń ná ọjà rẹ̀ títí èrè rẹ̀ fi tán, ẹja wo ni wá?