Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà

Àwọn baba wa máa ń wí pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Òótọ́ ni, bí a bá ń fi ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn wé ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fa òwe náà kọjá ibi tí àwọn àgbà fi í sí. Wọ́n rò pé bí olóòótọ́ bá ti wí pé, "Ó ṣojú mi kòrókòró," ìbéèrè ti parí. Ǹjẹ́ olóòótọ́ lè jẹ́rìí èké láìpurọ́?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí ìran fi ń dé inú wa. Ìmọ́lẹ̀ a máa ti ara nǹkan wọ ẹyinjú. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ó wà lẹ́yìn nínú ẹyinjú a sọ ìmọ́lẹ̀ náà di àmì iná mànàmáná, iṣan tí okùn inú rẹ̀ tó mílíọ̀nù 1 a sì gbé àmì náà lọ sínú ọpọlọ, títí dé apá ìpàkọ́. Ojú wà níwájú, ṣùgbọ́n ìpàkọ́ ni a fi ń ríran! Nígbà ogun Rọ́ṣíà àti Jàpáàn, ní 1904 sí 1905, oníṣègùn ará Jàpáàn kan, Tatsuji Inouye, yẹ àwọn ọmọ ogun tí ọta ìbọn bà ní ìpàkọ́ wò. Ẹyinjú wọn kò fara pa, síbẹ̀ apá kan ohun tí ó wà níwájú wọn ti pòórá fún wọn.

Ẹ lè dán ohun tí ó tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ wò nínú kíláàsì. Ẹ ya àgbélébùú kékeré kan sórí tákàdá funfun. Ní ínṣì 3 sí apá ọ̀tún rẹ̀, ẹ fi tàdáwà ṣe àmì roboto kan tí ó tó ẹyọ ẹ̀wà. Ẹ di ojú òsì, ẹ tẹ ojú ọ̀tún mọ́ àgbélébùú náà, kí ẹ sì máa fa tákàdá bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó bá kù bí ẹsẹ̀ bàtà 1, àmì roboto náà yóò pòórá. Ìdí ni pé ibi tí iṣan gbà jáde kúrò nínú ẹyinjú kò ní ohun tí ń gba ìmọ́lẹ̀. Edme Mariotte, ará Faransé, ni ó kéde èyí fún àwọn ọ̀mọ̀wé ní 1668. Kí ni ẹ wá rí ní ipò àmì náà? Kì í ṣe ihò. Tákàdá funfun ni. Ọpọlọ ti fi ohun tí ó wà láyìíká dí àlàfo náà, kò sì sọ fún yín pé òun dí i.

Bí ó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí tákàdá lọ́sàn-án gangan, kí ni yóò ṣe sí ojú ènìyàn tí a rí lóru pẹ̀lú ìbẹ̀rù? Ní 1984, ní ìlú Burlington, ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan já wọ ilé akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, ó sì fipá bá a lò. Ọmọbìnrin náà mọ̀ọ́mọ̀ wo ojú rẹ̀ fínnífínní, kí ó lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Nínú àwòrán tí ọlọ́pàá kó síwájú rẹ̀, Ronald Cotton ni ó mú. Nígbà tí wọ́n to àwọn ọkùnrin sí ìlà, òun náà ni ó tún tọ́ka sí. Wọ́n rán Cotton ní ẹ̀wọ̀n gbére ní 1985. Ní 1987, wọ́n mú ẹni tí ó ṣe ọ̀ràn náà gan-an wá síwájú ọmọbìnrin yìí ní kóòtù, ó sì ní òun kò rí i rí. Ọdún 1995 ni àyẹ̀wò DNA tó fi hàn pé ọwọ́ Cotton mọ́. Ó ti lo ohun tí ó lé ní ọdún 10 lẹ́wọ̀n.

Ọmọbìnrin yìí kò purọ́. Ojú tí ó wò nínú àwòrán ni ó gba ipò ojú tí ó rí lóru, ọpọlọ rẹ̀ kò sì ta á lólobó.

Àwọn kan yóò wí pé bí a kò bá gba ojú gbọ́, ọ̀daràn yóò máa lọ lọ́fẹ̀ẹ́. N kò ní kí a lé ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n kí a tó fi ẹ̀rí ojú kan gba òmìnira ènìyàn, ẹ̀tọ́ ẹni tí a fẹ̀sùn kàn ni pé kí a bèèrè bí ìmọ́lẹ̀ ti tó, bí ọ̀nà ti jìn tó, àti ẹni tí ó ti kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ sí ẹlẹ́rìí létí. (Láàrin àwọn ọmọ ilé-ìwé, ẹni tí ohùn rẹ̀ le jù ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń gbà gbọ́, bí ẹni pé ohùn líle jẹ́ ojú kẹta.) Ẹlẹ́rìí tí ó wí pé, "Ó jọ ọ́ lójú mi," kì í ṣe ojo, ó sọ ìwọ̀n ohun tí ó mọ̀, kò sì bù mọ́ ọn. Ní èrò tèmi, ẹ̀bi ẹni tí ó jókòó láti dá ẹjọ́ tí kò sì bèèrè pọ̀ ju ti ẹlẹ́rìí lọ, nítorí òun ni ó ní ìfọ̀kànbalẹ̀ tí ẹni tí a ṣẹ̀ kò ní.

Lẹ́yìn tí Cotton jáde, obìnrin náà bẹ̀ ẹ́ fún ìdáríjì, ó sì dárí jì í. Ìwé tí wọ́n jọ kọ jáde ní 2009, wọ́n sì jọ rìn káàkiri láti bá àwọn ọlọ́pàá àti àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ nípa bí ó ti yẹ kí a máa fi àwòrán han ẹlẹ́rìí.