Ọgbà Ewébẹ̀ Áhábù

Bíbélì kíkà: 1 Àwọn Ọba 21:1-16, Ẹ́kísódù 22:5
Àkọ́sórí: Òwe 15:17

Ǹjẹ́ o ti ṣàkíyèsí ohun tí Áhábù fẹ́ fi ọgbà àjàrà Nábótì ṣe? Kì í ṣe ilé òrìṣà ló fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Ewébẹ̀ ló fẹ́ gbìn! Ilẹ̀ náà súnmọ́ ilé rẹ̀, ó sì ṣe tán láti san owó. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn fẹ́ ẹ̀fọ́ tútù nítòsí ilé. Síbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà tó parí, wọ́n ti sọ aláìṣẹ̀ kan ní òkúta pa. Ṣé ohun tó dára lè di ẹ̀ṣẹ̀ nítorí ilẹ̀ tí a fẹ́ ṣe é lé lórí?

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ní Ìsàlẹ̀ Èkó ń gbin nǹkan, ẹ sì ń sin adìyẹ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Erékùṣù yìí ti jẹ́ oko kó tó di ọjà: oko ata Arómirẹ́ ni ibi tí Ìgá Ìdúngànrán wà. Lọ́dún 1976, nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ gbé ètò Operation Feed the Nation kalẹ̀, wọ́n rọ olúkúlùkù láti gbin nǹkan sí ẹ̀yìnkùlé. Pẹ̀lú bí ọjà ṣe gbówó lórí lónìí, àánú Ọlọ́run ni ewédú tó hù nínú táyà àlòkù, àti ẹyin tí o mú nínú àgò kí ọmọ tó lọ sílé ìwé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ta ni? Ní àdúgbò wa, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń lo àgbàlá kan ṣoṣo. Adìyẹ rẹ ń yàgbẹ́ síbi tí àlhájà yàrá kejì ń tẹ́ ẹní ìkírun sí. Ó ń tú tẹ̀tẹ̀ tí ìyá àgbà gbìn sínú báàfù. Ìwọ wá ń kọrin ìyìn ní aago márùn-ún ìdájí, o sì ń ṣe kàyééfì pé wọn kò tẹ̀lé ọ wá sí ilé ìjọsìn!

Òfin Mósè kò fi èyí ṣeré. Ẹni tí ẹran rẹ̀ bá jẹ oko ẹlòmíràn, nínú èyí tó dára jù lóko tirẹ̀ ni yóò ti san án. “Ẹ má bínú” nìkan kò tó. A máa ń sọ pé ẹran ni, kò lọ́gbọ́n. Òótọ́ ni. Ìwọ tó ni ín ni Ọlọ́run ń bá wí.

Ó sì lè ju ìgbẹ́ lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2006, Nàìjíríà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí irú bird flu tó ń pani nílẹ̀ Áfíríkà, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ní oṣù kìíní ọdún 2007, ó pa obìnrin kan ní Èkó. Bí adìyẹ rẹ bá ń kú lójijì, má kó ìyókù lọ tà ní Èbúté Èrò kí owó rẹ má baà ṣòfò. Pe dókítà ẹran.

Sọ fún ará ilé kí o tó ra òròmọdìyẹ. Máa gbá abẹ́ àgò lójoojúmọ́. Bó bá jẹ́ ẹyin lo fẹ́, má ra àkùkọ. Adìyẹ a máa yé láìsí akọ (ẹyin náà kò kàn ní pa ni), gbogbo ilé á sì rí oorun sùn. Jẹ́ kí ìgbẹ́ wọn jẹrà kí o tó bù ú sídìí ẹ̀fọ́, nítorí tútù rẹ̀ a máa jó gbòǹgbò.

Bí ẹnìkan bá kọ̀ ńkọ́? Nábótì kọ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Wo ohun tí Jésébẹ́lì ṣe: ó kéde ààwẹ̀! Ààwẹ̀ ni wọ́n fi bo ìpànìyàn mọ́lẹ̀ ní Jésírẹ́ẹ̀lì. Nítorí náà, má pe aládùúgbò tó ní òun kò fẹ́ adìyẹ ní ọ̀tá ìlọsíwájú rẹ, má sì gbààwẹ̀ lé e lórí.

Àdúrà: Baba, ẹni tí mo jẹ ní gbèsè nínú àgbàlá yìí, fún mi ní ìgboyà láti kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kí n tó jáde lónìí, ní orúkọ Jésù. Àmín.