Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ẹ̀ṣọ́ inú òwe yìí lè jẹ́ ìwà, ó lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ti Hideo Nomo, ọmọ Osaka tó ń gbá bésíbọ́ọ̀lù nígbà kan rí, ẹ̀yìn ló fi ń ṣe é. Kó tó ju bọ́ọ̀lù, á na apá méjèèjì sókè, á kẹ̀yìn pátápátá sí ẹni tó mú igi dání, á dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà á yípo bí ìjì.

Japan ló ti kó o. Nígbà tí àdéhùn rẹ̀ níbẹ̀ kò jẹ́ kó kúrò, ó kọ̀wé pé òun fẹ̀yìn tì (ọgbọ́n àgbà!), ó bá gba Los Angeles lọ bá ẹgbẹ́ Dodgers ní 1995. Lọ́dún yẹn, ìgbà 236 ló dá olùgbábọ́ọ̀lù padà síjòkó láìrí bọ́ọ̀lù gbá.

Eré rẹ̀ tó wù mí jù ni ti Denver, September 1996. Òjò ti mú ilẹ̀ yọ̀, Nomo bá pa ẹ̀ṣọ́ náà tì, ó ń jù ú ṣókí. Títí eré fi parí, ẹnikẹ́ni kò gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ débi tó ní láárí. Ní 2001, ó tún irú rẹ̀ ṣe ní Baltimore, nínú aṣọ ẹgbẹ́ Boston.