BÁBÉLÌ NÍNÚ ILÉ

A wo sinimá kan tí Alejandro González Iñárritu, ọmọ Mẹ́síkò, ṣe ní ọdún 2006. Babel ni orúkọ rẹ̀, bíi ti ilé ìṣọ́ inú Jẹ́nẹ́sísì orí 11. Ìtàn Mòrókò, Jàpáánì, Mẹ́síkò àti Amẹ́ríkà ló lọ́ mọ́ra wọn níbẹ̀. (Kì í ṣe sinimá ọmọdé o.)

Amelia ló mú wa lọ́kàn jù, ará Mẹ́síkò tó ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Amẹ́ríkà. Ìgbéyàwó ọmọ tirẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ni ọ̀gá rẹ̀ bá pè é láti Mòrókò pé kò gbọdọ̀ lọ. A kò lè dá ọ̀gá náà lẹ́bi tán, ìbọn ti ba ìyàwó rẹ̀. Amelia kó àwọn ọmọ náà dání lọ. Bí wọ́n ti ń bọ̀, wàhálà dé ní ibodè, wọ́n sì ṣìnà sínú aṣálẹ̀. Àwọn ọmọ yè, ṣùgbọ́n wọ́n lé Amelia kúrò nílùú tó ti lo ọdún 16.

Amelia gbọ́ èdè ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ni kò gbọ́ ti Amelia. Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, sísọ nìkan kọ́ ni iṣẹ́ ìyanu, gbígbọ́ pẹ̀lú ni.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́. Ọmọbìnrin kan bá wa tọ́jú ọmọ rí. Ó ní ìyá òun ń ṣàìsàn, òun fẹ́ lọ sílé. A ní kó dúró kí ilé-ìwé gba ìsinmi ná. Yorùbá kan náà la jọ ń sọ. Kó tó délé, wọ́n ti sin ìyá rẹ̀. Títí ó fi kúrò lọ́dọ̀ wa, kò tún tọrọ ohunkóhun mọ́.